Téépù Ọ̀pá Kì í Purọ́

Kajaani,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú àfojúsọ́nà lẹ́tà mi tó pẹ́ kó tó dé. Ṣé ara yín le? Ṣé etí ò dùn yín mọ́ bí atẹ́gùn bá ń fẹ́? Ẹ bá mi kí Àǹtí Ghislaine, kí ẹ sọ fún wọn pé ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n hun fún mi ló wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Tèmi, mo ń jẹ, mo ń sùn, mo sì ń gbá họ́kì orí yìnyín. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn ará Finland, wọn ò tíì mọ ẹ̀wà sè. Ọbẹ̀ ẹja lónìí, ọbẹ̀ ẹja lọ́la. Lálẹ́ àná ni mo lá àlá pé mo ń jẹ ẹ̀wà tí ẹ máa ń fi oje igi dídùn sè mọ́jú, tí mo sì ń fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tí mo jí, inú bí mi.

Àpótí gígùn kan ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ọ̀pá họ́kì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, okùn káábọ́nù tí wọ́n hun ni gbogbo wọn, kì í ṣe igi. Ẹ má tíì fajú ro. Ọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tó ń jẹ́ Taisto, ẹ̀yìn pápá yìnyín wa ló ní ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ló ń hun káábọ́nù tó sì ń sè é. Mẹ́ta yìí ló ṣe, ọ̀kan péré ló sì fẹ́ mú nínú wọn tí yóò máa ṣe tà. Ó ti fún gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ ká fi gbá róbà pẹlẹbẹ tí à ń gbá bíi bọ́ọ̀lù, ká sọ ohun tí ọwọ́ wa gbọ́. Mo sọ fún un pé bàbá mi fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbẹ́ ọ̀pá onígi, pé kò sí ọwọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ kíá. Òwú ni mo so mọ́ wọn lórí: pupa, dúdú, funfun. Mi ò ní sọ èyí tí mo fẹ́ràn, kí n má baà ba ọwọ́ yín jẹ́.

Kóòṣì wa, Päivikki, ti gbé ìwé àdéhùn ọdún méjì míì síwájú mi. Ó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn mi kí oṣù kejì tó parí. Bàbá, mi ò mọ èyí tí màá ṣe. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà míì, bí mo bá ń wé téépù mọ́ ọ̀pá nínú yàrá ìmúra, mo máa ń wo téépù ti àná bí ẹ ṣe kọ́ mi: bó bá gbó ní ṣóńṣó, ọwọ́ ẹni náà ga jù, bó bá gbó ní ìgbọ̀nwọ́ ọ̀pá, níbi tí igi ti tẹ̀ wọ ojú pẹlẹbẹ tó ń gbá róbà, ọwọ́ rẹ̀ relẹ̀ jù. Ẹ ní téépù kì í purọ́. Bí mo bá ti rántí ohùn yín báyìí, àárò yín á sọ mí títí mi ò ní lè so okùn bàtà.

Mo mọ̀ pé tẹlifóònù ò wúlò fún yín, ẹ̀rọ tó ń la igi ti gba etí yín lọ. Ṣùgbọ́n fóònù ńlá aláwòrán tí Àǹtí rà ńkọ́, tí à bá fi máa rí ojú ara wa? Láti oṣù keje lẹ ò ti tàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án.

Ọmọ yín,
Mylène.


Rivière-aux-Frênes,
Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ọdún 2016.

Mylène ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ghislaine kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo wà láàyè. Eyín mi ń jẹun, ahọ́n mi ṣì mú. Àbúrò mi yìí ń pariwo lé mi lórí láti òwúrọ̀ dalẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ti fóònù aláwòrán yẹn, ojú máa ń ro mí bí mo bá tẹjú mọ́ ọn. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé dára ju àwòrán lọ, ìwé ṣeé kì bọ àpò.

Mo rí àwọn ọ̀pá rẹ. Mo tẹ́ pákó tí mo fi ìda pa sí gáréèjì kó lè máa yọ̀ bíi yìnyín, mo ta tapólì ògbólógbòó sí ìsàlẹ̀ ògiri, mo sì fi méjì nínú wọn gbá róbà, ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé o fẹ́ òótọ́? Pupa le bí irin tí wọ́n fi ń tú táyà. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mira. Dúdú burú jù ú lọ, òkú ni. Bí róbà bá bà á, á ró kàn, kò tún sí nǹkan kan mọ́. Ọ̀pá onígi, bí róbà bá dé ojú rẹ̀, á sọ fún ọwọ́ rẹ pé òun ti dé, á sọ ibi tí òun jókòó sí. Àwọn tìrẹ yìí, àlejò tó wọlé tí kò kí baálé ni wọ́n. Sọ fún Taisto pé mo kí i, àti pé bí orùlé rẹ̀ bá ń jò, kó fi wọ́n ṣe òpó. Funfun, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, kí lo ń rò sí? Fọwọ́ sí i. Kí lo fẹ́ wá ṣe níbí? Ilé iṣẹ́ ọ̀pá ti di ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ìgbafẹ́ pamọ́ sí nígbà òtútù. Àwọn obìnrin tó ń gbá họ́kì ní agbègbè yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń gbá a, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́bẹ̀ ẹja yẹn, wọ́n kọ orúkọ rẹ sẹ́yìn aṣọ. Ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé dúró, kò ní rí i. Fọwọ́ sí i.

Òjò dídì àkọ́kọ́ ti rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rántí.

Bàbá rẹ,
Onésime Arcand.


Kajaani,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, ọdún 2016.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Àǹtí. A gbá ìdíje mẹ́fà láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé, a jẹ mẹ́rin. Èmi ni mo gbá góòlù tó gba èyí tó kẹ́yìn fún wa.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, ẹ má sì pè mí ní aláfojúdi. Àwa mẹ́rìndínlógún la fi àwọn ọ̀pá yẹn gbá róbà. Pupa ló rọ̀ jù nínú wọn. Ìsàlẹ̀ ló ti ń tẹ̀, á sì ta padà kíákíá, kí aṣọ́lé tó mira, róbà ti kúrò níwájú rẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ò gbọ́ nǹkan púpọ̀, bí ìgbà tí èèyàn wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́. Àárín ni dúdú ti ń tẹ̀. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n bó o bá ní sùúrù tí o gbára lé e, kò sí èyí tó ń gbá róbà le tó o. Funfun ni Taisto fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ojú rẹ̀. Kò yá tó pupa, kò lágbára tó dúdú, ṣùgbọ́n bí róbà bá bà á, ọwọ́ mi gbọ́ nǹkan. Kò pọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń pè mí láti yàrá kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbá a, mo dúró sórí yìnyín, mo ń wò ó, omi bọ́ lójú mi níwájú gbogbo èèyàn. Òun lẹ ò fọwọ́ kàn.

Ẹ wá ń sọ fún mi pé pupa le bí irin táyà. Kò sí ọwọ́ tó mọ ọ̀pá tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí káábọ́nù ti ilé iṣẹ́ yín pa lẹ ò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, èmi náà ò sì dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ti fi orúkọ yín yangàn lọ́dọ̀ Taisto. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín fún un, ó kàn fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ojú tì mí. Tí ẹ ò bá lè dá ẹjọ́ wọn bó ṣe yẹ, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ padà.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà. Nínú lẹ́tà yín, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ pé kí n fọwọ́ sí ìwé, kí n dúró síbí. Ẹ ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ìgbà tí mo ń bọ̀ wálé. Ṣé ẹ ò fẹ́ rí mi ni?

Mylène.


Rivière-aux-Frênes,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejìlá, ọdún 2016.

Mylène,

Mo gba ìwé rẹ. Mo ṣì wà.

Òótọ́ ni pé inú bí mi nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa pa. Inú ń bí mi títí dòní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í bínú. Ohun tí ọwọ́ mi gbọ́ ni mo kọ. Mi ò gbẹ́ ọ̀pá fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n wá máa purọ́ mọ́ ọ̀pá lọ́jọ́ ogbó.

Mo ti ní kí Ghislaine di pupa àti dúdú, kó dá wọn padà fún Taisto rẹ. Funfun wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò tíì gbá a.

Ọdún Kérésì ń bọ̀. Ghislaine á ṣe páì ẹran. A óò gé tìrẹ sọ́tọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, èmi ni màá sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Bàbá rẹ.


Kajaani,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, ọdún 2017.

Bàbá,

Ẹ kú ọdún. Àpótí yín dé lánàá. Mo ṣí i níwájú Taisto, ìbá dára ká ní èmi nìkan ni mo ṣí i.

Ọgọ́ta ínǹṣì ni àwọn ọ̀pá yẹn nígbà tí wọ́n kúrò lọ́wọ́ mi. Mo fi téépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wọ̀n wọ́n: mẹ́rìnlélógójì. Ínǹṣì mẹ́rìndínlógún ni ẹ fi ayùn gé dànù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi pé bí èèyàn bá wọ bàtà yìnyín, ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ ga jù mí lọ. Mẹ́rìnlélógójì ò dé àyà yín. Ọ̀pá ọmọdé nìyẹn. Ẹ wá gbé ọ̀pá tí mo fi ránṣẹ́ sí yín fún ọmọdé kan ládùúgbò, ẹ sì jókòó sílé, ẹ ro ohun tí ẹ máa kọ sí mi lọ́kàn. Róbà ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wí. Ẹ purọ́ fún mi, Bàbá. Ká ní ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò wù yín, ìbá dùn mí, ṣùgbọ́n kì bá dùn mí tó báyìí.

Inú ìwé yín ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Tí mi ò bá wá lè gba ìwé yín gbọ́ mọ́, kí ló kù fún mi?

Mylène.


Kajaani,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ọdún 2017.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ò tíì fèsì. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí ìwé, títí obìnrin tó ń pín lẹ́tà fi ń mi orí sí mi láti òkèèrè kí n tó bèèrè.

Àná ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Taisto. Ó fẹ́ da àwọn ọ̀pá gígé yẹn nù, mo ní kó fún mi. Mo fẹ́ bọ́ téépù ara wọn. Bàbá, ìgbà yẹn ni mo tó wò ó, lẹ́yìn tí mo ti kọ ìwé burúkú yẹn sí yín. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n sọ fún àwọn ẹlòmíì.

Mo kọ́kọ́ wo orí ọ̀pá. Téépù tó wà níbẹ̀, okùn ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n fi wé e ní ìlọ́po mọ́kànlá, wọ́n sì ki ìparí rẹ̀ sábẹ́. Lẹ́yìn yín, kò sí ẹlòmíì láyé tó ń wé orí ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ẹ kì í sì í wé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kí kálukú kọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ tó di ọ̀pá yẹn mú, ọwọ́ yín ni. Mo wá wo ojú rẹ̀. Ní ṣóńṣó, téépù tuntun. Ní ìgbọ̀nwọ́, ó gbó dé inú káábọ́nù. Ẹni tó gbá a, ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an. Róbà tó gbá ò sì kéré sí ọgọ́rùn-ún.

Àgbà tó ga tó yín, tí ọ̀pá mẹ́rìnlélógójì bá àgbọ̀n rẹ̀ mu, tí ọwọ́ rẹ̀ relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí kan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo gbé ọ̀pá náà síwájú mi. Orí rẹ̀ kan àgbọ̀n mi gẹ́lẹ́.

Bàbá, ṣé orí ìjókòó lẹ ti ń gbá a? Láti ìgbà wo ni ẹ ò ti lè dìde?

Mi ò ní fọwọ́ sí ohunkóhun títí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Ẹ dárí ìwé ọjọ́ kẹrin jì mí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, bó ti wù kó burú tó.

Ọmọ yín,
Mylène.


Rivière-aux-Frênes,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, ọdún 2017.

Mylène ọmọ mi,

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò lọ ju oṣù méje lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní téépù, ta ni màá wá bú?

Ìtọ̀ ṣúgà ni. Egbò kékeré kan ló yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nígbà tí òjò dídì ń yọ́. Mo fi ìpara pa á, mo wọ bàtà lé e, o mọ̀ mí. Nígbà tí Ghislaine fi agbára wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti pẹ́ jù. Ní oṣù keje, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Orí àga onítáyà ni mo wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tan fóònù aláwòrán. Ẹ̀rù ń bà mí pé wàá rí àga náà lẹ́yìn mi.

Má bínú sí Ghislaine, mo mú un búra pé kò ní la ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó di àwọn ọ̀pá padà, inú ń bí mi débi tí mo gbàgbé pé mo ti gé wọn. Òun ò gbàgbé. Ó gbé méjèèjì dání, ó wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó wò mí, ó sì jáde lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Àná ni mo bi í. Ó ní, “Mi ò la ẹnu mi o, Onésime.”

O bi mí bóyá mi ò fẹ́ rí ọ. Ìbéèrè yẹn pa mí lára ju ayùn dókítà lọ. Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ńlá kan ti ní kí o máa bọ̀. O fi wọ́n sílẹ̀, o wálé, o fi ọdún méjì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lọ. Wọn ò pè ọ́ mọ́. Mo rí ọ lẹ́yìn ìsìnkú, bí o ṣe ń gbá róbà mọ́ ògiri gáréèjì láti àárọ̀ títí dìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Mo sọ fún ara mi pé o ò tún ní fi nǹkan kan sílẹ̀ nítorí wa mọ́ láé. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ‘fọwọ́ sí i, fọwọ́ sí i.’ Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ́, mo máa ń fẹ́ kí o kọ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀pá rẹ dé, inú mi dùn bí ọmọdé. Láti oṣù keje, kò sí ẹni tó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Oògùn ni wọ́n ń bi mí bóyá mo ti lò. Mo gé wọn bá ìjókòó mi, mo sì gbá róbà ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan lóòótọ́. Wọ́n le, Mylène. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ.

Mi ò lè gé funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ayùn. O rántí ẹnu ọ̀nà gáréèjì, níbi tí mo ti ń fi pẹ́ńsùlù sàmì bí o ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún? Mo gbé funfun tì í. Orí rẹ̀ bá àmì tó kẹ́yìn mu, èyí tí mo fà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ pẹ̀lú bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀, ọjọ́ tí o ń lọ. Bí mo bá wa àga mi kọjá, mo máa ń fọwọ́ kàn án.

Àárò rẹ ń sọ mí. Mo ti kọ ọ́ wàyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò yí padà: fọwọ́ sí ìwé náà.

Bàbá rẹ,
Onésime.


Kajaani,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì, ọdún 2017.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo gba ìwé yín lánàá. Mo sunkún, mo fọ ojú, mo lọ gbá ìdíje, a fìdí rẹmi, mo sì tún sunkún. Bí a bá ń sunkún náà, à máa ń ríran, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ọwọ́ yín ò purọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Taisto, ó jókòó, ó ṣírò ó lórí ìwé. Onígi, bí ẹ bá gé ínǹṣì méjì lórí rẹ̀, ta ló ń wò ó? Káábọ́nù ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo bí a ṣe ń gé e kúrú ló ń le sí i, tí ó bá sì ti dé mẹ́rìnlélógójì, líle rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Èmi mọ̀ ọ́n, mi ò sọ fún yín, torí mi ò rò ó pé ẹ máa gé e tó bẹ́ẹ̀. Irin táyà lẹ gbá lóòótọ́. Taisto ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, ó ní ọwọ́ tó gbọ́ ìyẹn, òun ò ní i.

Ó wá hun ọ̀kan míì láti alẹ́ ọjọ́ tí mo ti rí téépù yín. Mẹ́rìnlélógójì ínǹṣì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lójú, ó rọ̀ bó ṣe yẹ fún gígùn rẹ̀. Mo gbé korobá kalẹ̀ lórí yìnyín, mo jókòó lé e, mo fi gbá róbà àádọ́ta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Päivikki ní ṣé mo ti ń múra ọjọ́ ogbó ni. Ó ń tẹ̀, Bàbá. Ó sì ń kí èèyàn bó bá wọlé.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ má kọ̀wé bú mi, lẹ́tà yín ò ní bá mi níbí. Nígbà tí màmá ń ṣàìsàn, ẹ rò pé mo pàdánù nǹkan. Mo pàdánù ẹgbẹ́ kan. Ọdún méjì yẹn, mo wà níbẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ màmá bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín láti yàrá kejì. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tí mo lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Oṣù méje tí ẹ fi jókòó sórí àga yẹn láìsí èmi ni mo kà sí àdánù, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà fún mi.

Ìdíje wa tó kẹ́yìn jẹ́ ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta. Mo máa wọlé ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹ ní kí Àǹtí rẹ ẹ̀wà sómi. Ọ̀pá yín wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí funfun wà níbi tó wà, àmọ́ ẹ bá mi wá korobá kan tó lágbára, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín. Ibẹ̀ ni màá jókòó.

Ọmọ yín,
Mylène.